Àká Kọ́ Ni Ilé Wa



Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, fi owó ọjọ́ ìbí rẹ̀ ra àpótí kan ní pọ́n-ùn 38. Ilé kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn rí róbótó, òrùlé koríko tó ṣe ṣóńṣó wà lórí wọn, ọgbà onígi kan àti ìkòkò kan sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kọ ọ́ sára àpótí náà pé abúlé ilẹ̀ Áfíríkà ni. Kò sí orúkọ ìlú, kò sí orúkọ ẹ̀yà, kò sí ọdún. Áfíríkà, ó parí. Ọmọ náà tò wọ́n sórí tábìlì ìjẹun wa, ó wò wọ́n títí, ó wá bi mí pé, "Dádì, ṣé irú ilé báyìí ni wọ́n bí Màmá Ìsẹ́yìn sí?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi jókòó kọ èyí. Mo fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí ọmọ wọn kò tíì kó irú eré yìí wọlé.

Lórí tábìlì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹni méjì á to àwọn ọmọ ogun kéékèèké wọn síwájú ara wọn. Ọmọ ogun kan kò ga ju nǹkan bíi mìlímítà 28 lọ, kò tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Wọ́n á fi tépù wọn ibi tí ọmọ ogun lè rìn dé, wọ́n á da dáìsì láti mọ ẹni tí ọta bà. Warhammer ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi mọ eré ogun orí tábìlì. Games Workshop, tí ibùdó wọn wà ní ìlú Nottingham, ló gbé e jáde ní 1983, Warhammer 40,000 sì tẹ̀ lé e ní 1987. Ṣùgbọ́n eré náà ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ní 1812, ọmọ Prussia kan tó ń jẹ́ von Reisswitz gbé tábìlì kan fún ọba rẹ̀, tí àwọn ègé ilẹ̀ tí a lè tò bó bá ṣe wù wá wà fún un, kí àwọn ológun lè máa fi ronú lórí ogun jíjà. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé Little Wars jáde fún àwọn tó fẹ́ fi ọmọ ogun ìṣeré jagun ní ilé tiwọn.

Ohun tí ẹni tí kò mọ eré náà kì í tètè rí ni pé ilẹ̀ ló ń ṣe ìdájọ́ eré náà. Bí tábìlì bá ṣófo, ẹni tí ìbọn rẹ̀ jìnnà jù ni yóò borí, eré á sì tán ní ogún ìṣẹ́jú. Gbé òkè kan síbẹ̀, gbé ilé méjì àti igbó kékeré kan síbẹ̀, gbogbo nǹkan yí padà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, a kò lè rí i. Ẹni tó wà lórí òkè ń rí ọ̀nà jíjìn. Ẹnu ọ̀nà tóóró kan lè sọ ọmọ ogun mẹ́wàá di alágbára ju ogójì lọ. Àwọn ọmọ tó ń ṣe eré yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn á fi bá tábìlì dọ́gba, tí wọ́n á máa wo ohun tí ọmọ ogun kékeré náà lè rí. Mo ti rí ọmọ mi tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìmira, ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ jẹ oúnjẹ tán.

Nítorí náà, ohun tí a bá gbé sórí tábìlì yẹn, ọmọ ń gbé inú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lẹ̀ ẹ́, ó ti kùn ún lọ́dà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mọ ilé náà ju bó ṣe mọ àwòrán inú ìwé ẹ̀kọ́ wa lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú bàbá kan tó sọ fún mi níwájú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, eré lásán ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Tó bá jẹ́ pé ìlú inú àlá ni, tí kò sí níbì kankan láyé, mo gbà. Kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá wọ́n bí ìyá mi sínú ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará ojú sánmọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ sára àpótí yẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ilé róbótó kì í ṣe ohun ìtìjú. Ilé àwọn Zulu ní gúúsù Áfíríkà ni, koríko ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, ó dára, ó sì bá ibi tí wọ́n ń gbé mu. Ohun tó fà á tó fi pọ̀ lórí tábìlì àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣòroó mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1879, àwọn Zulu ṣẹ́gun ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Rorke's Drift, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ fi dúró títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Wọ́n ṣe sinimá lórí ìyẹn ní 1964, orúkọ rẹ̀ ni Zulu, láti ìgbà náà ni ogun yẹn ti wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn láti tún jà lórí tábìlì. Ẹni tó bá ń ta ilé Zulu fún ogun Zulu kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó mú ilé kan, tó sọ ọ́ di ilé gbogbo ènìyàn dúdú, òun ni mo bá wíjọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí a pe ìyá mi.

Ìyá mi wà ní Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, inú agbo ilé ahunṣọ ni. Ọmọ mi kí i dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù (ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́), ó wá gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà sójú kámẹ́rà. Màmá wò ó. Ó ní kí ó sún un mọ́ òun. Ó ní, "Àká rèé! Ta ló wá ń gbé inú àká?"

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí kò mọ̀ ọ́n: àká ni ibi tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo àti àwọn irè oko mìíràn pamọ́ sí. Ọmọ mi ní, "Màmá, wọ́n ní ilé ni." Màmá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní òun kò tíì gbé inú àká rí, àfi tó bá jẹ́ pé eku ni wọ́n pe òun.

Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni ọ̀nà àbáwọlé. Tí o bá ti gba ibẹ̀ wọlé, àgbàlá gbalasa ni wàá bá, ojú ọ̀run wà lókè rẹ̀. Ilé yí àgbàlá náà ká ní igun mẹ́rin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà níwájú, òpó igi ló gbé òrùlé rẹ̀ ró. Ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yàrá wà, ó ṣókùnkùn, ó sì tutù, nítorí pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun gbogbo: oúnjẹ, ìtàn, irun dídì, oorun ọ̀sán. Òrùlé dagun wá sínú àgbàlá, bí òjò bá rọ̀, omi á dà sínú àwọn ìkòkò tí wọ́n tò sábẹ́ ẹnu òrùlé, èyí tó kù á gba ojú àgbàrá abẹ́ ògiri jáde. Bàbá bàbá rẹ̀ ń hun òfì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á na òwú gbọọrọ lọ sí òdìkejì àgbàlá, wọ́n á gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kí ó lè le. Ọmọdé tó bá sáré já òwú yẹn, ó gbé. Wọ́n sin bàbá náà sínú ilé yẹn gan-an nígbà tó kú.

Ọmọ mi, tí kì í fẹ́ sọ ju gbólóhùn méjì lọ ní Yorùbá lórí fóònù, bi í ní ìbéèrè fún ogójì ìṣẹ́jú. Ṣé òpó náà nípọn tó ọwọ́? Ṣé ògiri náà ga ju ènìyàn lọ? Níbo ni ewúrẹ́ ń sùn? Nígbà tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan, kò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì máa lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró, ó béèrè, nítorí ó nílò rẹ̀. Ó yàwòrán, ó fi hàn án, Màmá ní kò dára, yàrá baálé kò sí lójú ibi tó ti lè rí ẹni tó ń wọlé. Ó tún un yà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú ń tì mí díẹ̀, nítorí pé èmi fúnra mi kò bi ìyá mi ní ìdá mẹ́wàá àwọn ìbéèrè yẹn rí.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ wa kọ́ agbo ilé Yorùbá kan sórí tábìlì, kí a sì fi rẹ́sìnì dà á.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ rẹ́sìnì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Àwọn àgbà mọ oje igi, tó ń ṣàn, tó sì ń gan. Èyí jọ ọ́, àmọ́ kẹ́míkà ni. Omi méjì ló wà nínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ti pò wọ́n pọ̀, ara wọn á gbóná, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á gan di líle. Kí ó tó gan, wọ́n ti dà á sínú mọ́ọ̀dù rọ́bà. Mọ́ọ̀dù yẹn náà, ẹnikẹ́ni tó ní sùúrù lè ṣe é: á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé àkọ́kọ́, á gbé e sínú páálí, á da rọ́bà olómi lé e lórí, bí rọ́bà bá ti gan, á yọ ilé náà jáde. Ihò tó ṣẹ́ kù ni mọ́ọ̀dù. Gbogbo àmì ìka àti gbogbo sánsán ara ògiri ló máa ń wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń da idẹ ní Ifẹ̀ yóò rí i pé ọgbọ́n náà kò jìnnà síra.

Ilé iṣẹ́ ńlá kì í sábà ṣe báyìí mọ́. Ike ni wọ́n ń lò, mọ́ọ̀dù irin ni wọ́n sì fi ń tẹ ike náà. Mọ́ọ̀dù irin wọ́n gan-an, ó ní láti jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ra ohun náà kí owó rẹ̀ tó lè padà wọlé. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa gé irin nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀dù rọ́bà, ẹni tó fẹ́ ogún ẹ̀dà péré lè ṣe é lórí tábìlì nínú gáréèjì. Rọ́bà náà á bàjẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò burú, ogún ẹ̀dà náà ti jáde. Nítorí náà ni rẹ́sìnì fi jẹ́ ọ̀nà àwọn tí kò pọ̀, tí ohun tí wọ́n fẹ́ kò sí lọ́jà. Àwa sì rèé. Kì í ṣe pé ẹnì kan dí wa lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù kò mọ ilé wa, àwa tí a mọ̀ ọ́n kò ṣe mọ́ọ̀dù.

Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọmọ ogun mìlímítà 28 bá dúró fún ènìyàn gidi, mítà kan láyé yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ sí méjì lórí tábìlì. Agbo ilé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ mítà 18 yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ìyẹn ti tóbi jù láti dà lẹ́ẹ̀kan, rẹ́sìnì tó pọ̀ wúwo, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a dà á lẹ́ẹ̀kan. Ègé mẹ́ta péré la nílò: ègé yàrá pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀, ègé igun ilé, àti ègé ẹnu ọ̀nà. Mọ́ọ̀dù mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ ilé kékeré á to igun mẹ́rin pọ̀ mọ́ yàrá mẹ́ta àti ẹnu ọ̀nà kan. Bí ó bá fẹ́ kó tóbi, á fi yàrá kún un. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá, ó ní bí agbo ilé gidi náà ṣe ń dàgbà nìyẹn: ọmọ gbéyàwó, wọ́n fi yàrá kún un.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ odi ìlú pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ẹrẹ̀dò Sùńgbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tí ó jìn tó mítà 20 láti orí ògiri dé ìsàlẹ̀ yàrà. Lórí tábìlì wa, mítà 20 yẹn yóò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. A óò ní láti gbẹ́ ihò sí tábìlì ilé ẹ̀kọ́, ẹ kò sì ní gbà fún wa.

Wàyí o, ewu iṣẹ́ náà. Mi ò ní fi pamọ́. Rẹ́sìnì tó ti gan tán kò ní wàhálà lọ́wọ́. Kí ó tó gan ni ó léwu, àti nígbà tí a bá ń rẹ́ ẹ. Òórùn omi rẹ̀ lè fa ikọ́ fún ẹlòmíràn. Eruku rẹ̀ kúnná, kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Èmi fúnra mi fi sáńpépà rẹ́ ìdí àwọn ilé róbótó yẹn nínú kíṣíìnì láìlo ìbòmú, mo wúkọ́ di ọjọ́ kejì, ìyàwó mi kò sì tíì dárí jì mí nítorí eruku funfun tó bà sórí gààrí. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a rẹ́ ẹ nínú omi, kí a wọ ìbòmú, kí fèrèsé ṣí. Ẹ̀rọ 3D tí àwọn ọmọ ń sọ nípa rẹ̀ báyìí, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ rẹ́sìnì di líle, tirẹ̀ tún le jù: bí omi rẹ̀ bá ń kan awọ ara, ara lè kọ̀ ọ́, tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́, ó lè má gbà á mọ́ títí ayé. Nítorí náà, dídà àti rírẹ́ jẹ́ iṣẹ́ àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tó yẹ, kì í ṣe nínú kíláàsì. Tí kò bá sí àgbàlagbà tó fẹ́ ṣe é bó ti yẹ, kí a fi páálí àti fóòmù ṣe gbogbo rẹ̀. Wells náà, igi àti páálí ló fi kọ́ ilé tirẹ̀.

Tàwọn ọmọ ni gbogbo ohun tó kù. Àwọn ni yóò fi amọ̀ mọ ilé àkọ́kọ́, àwọn ni yóò fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo èyí o: òróró tí wọ́n fi pa mọ́ọ̀dù máa ń kù sí ara rẹ́sìnì, ọ̀dà kì í mú un. Ọmọ mi kò gbọ́ràn, òrùlé àkọ́kọ́ tó kùn bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ike kì í lẹ̀ ẹ́, súpà gúlù ni kí ẹ lò. Bí ògiri bá wọ́, ẹ rì í sínú omi gbígbóná, yóò rọ̀, ẹ ó sì lè tẹ̀ ẹ́ tọ́. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ra àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀ sí etí gbogbo sánsán, kí ògiri náà lè dà bíi pé oòrùn ń pa á.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló ṣòro jù. Ìyá kan nínú wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún, sọ fún mi pé ogun kì í ṣe ohun ìṣeré, pàápàá ogun tiwa. Òótọ́ ló sọ. Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò parí títí di 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sọ ìlú di ahoro, ọmọ bàbá kan náà sì wà ní ìhà méjèèjì. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi da dáìsì lórí ìyẹn kí ó sì máa pariwo pé òun yege.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà fún wọn báyìí. Ẹ wọ ilé ìtajà, ẹ wo àwọn ilé tí wọ́n tò sí ibẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wó: ògiri ìdajì, fèrèsé tí kò ní òrùlé lórí, ṣọ́ọ̀ṣì tí bọ́ǹbù ti já. Ìdí kan wà tó bọ́gbọ́n mu, ọwọ́ ń ráyè wọ ilé tó ti wó láti gbé ọmọ ogun síbẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń kọ́ ọmọ ni pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibi tí ogun ti ń jà. Agbo ilé wa, àgbàlá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti òkè, ọwọ́ ń wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ó wó. Kí a fi àwọn ènìyàn sínú rẹ̀: ìyá tó ń gún iyán, ahunṣọ nídìí òfì, ọmọ tó ń sáré. Kí òfin eré náà sì jẹ́ pé ẹni tó bá kó wọn yọ láàyè gba ẹnu ọ̀nà jáde ló borí, kí ẹni tí iná bá tọwọ́ rẹ̀ ran òrùlé pàdánù, bó ti wù kí ọmọ ogun rẹ̀ ṣẹ́ kù tó. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí eré náà, wọ́n máa ń yan ohun tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí fún ìyá náà. Ó ní òun yóò rò ó. Kò tíì gbà, mi ò sì fẹ́ purọ́ mọ́ ọn.

Àwọn ilé róbótó mẹ́rin náà ṣì wà nílé wa. Ọmọ mi ti tún wọn kùn. Wọ́n wà ní ẹ̀yìn ìlú báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó ti lẹ àgbàdo kéékèèké mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn. Àká ni wọ́n.

Ohun tí a nílò báyìí ni ìwọ̀n àti àwòrán. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò àgbàlá ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbà tí páànù ti rọ́pò koríko lórí rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá ní Sátidé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ pe àwọn àgbà yín nílé kí ẹ tó wá, kí ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ẹnu ọ̀nà mélòó ni ilé wọn ní, kí ni wọ́n fi ṣe òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ibo ni omi òjò ń gbà jáde. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Èmi yóò wà ní kíláàsì àwọn àgbà lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, pẹ̀lú amọ̀ àti rúlà.